Kí O Tó Pè É Ní Haraamu

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń mú irúgbìn hù jáde láti inú ilẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti àlùwàlá tàbí ti ogún pínpín. Ọ̀rọ̀ oko ni. Nílé-kéwú tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní agbègbè Akínyẹlé, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alágààrí ló pọ̀ jù. Ọ̀kan nínú wọn dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Ààfáà, ṣé haraamu ni gààrí tí ìyá mi ń tà?"

Ìyá rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ kan tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Tí ó bá rin ín, tí ó sì yan án, gààrí náà á pupa rúsúrúsú láìfi epo sí i. Ni ẹnì kan bá sọ lọ́jà pé GMO ni, pé jíìnì ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Kó tó pé ọjà méjì, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń lọ rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Owó gààrí yìí kan náà ló fi ń san owó iléèwé ọmọ mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́hun pàṣẹ fún wa nínú Suuratul-Hujuraat, ẹsẹ kẹfà, pé tí aláìṣòótọ́ bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní ibi. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan: jíìnì, àṣàyàn ẹ̀yà, haiburíìdì àti GMO.

Ẹ jẹ́ kí á fi hadiisi kan bẹ̀rẹ̀ jíìnì. Lárúbáwá oko kan wá bá Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nítorí pé ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ dúdú, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ànábì bi í bóyá ó ní ràkúnmí. Ó ní òun ní, pupa sì ni wọ́n. Ànábì tún bi í bóyá aláwọ̀ eérú wà nínú wọn. Ó ní ó wà. Níbo wá ni ìyẹn ti wá? Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ dáhùn pé bóyá ìran kan ló fà á. Ànábì sì jẹ́ kó mọ̀ pé bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ rẹ̀. Hadiisi yìí wà nínú Bukhaari àti Muslim. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà níbẹ̀ ni ʿirq, èyí tó túmọ̀ sí gbòǹgbò tàbí iṣan.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì kò jìnnà sí èyí. Nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, látorí ènìyàn dé orí ẹ̀gẹ́, ìlànà kan wà tí Ọlọ́hun fi síbẹ̀. Tí a bá fi DNA wé ìwé, jíìnì ni gbólóhùn inú rẹ̀. Òmíràn ń sọ bí àwọ̀ yóò ṣe rí, òmíràn ń sọ bí igi yóò ṣe ga tó. Òmíràn a fara pamọ́ lára òbí, a wá yọ lára ọmọ-ọmọ. Ẹ sì kíyè sí i: àwọ̀ lásán ni ọkùnrin yẹn rí tó fi ń fura sí ìyàwó rẹ̀. Ànábì kò gbà kí àwọ̀ di ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àṣàyàn ẹ̀yà. Àwọn baba wa ti ń ṣe é tipẹ́: wọ́n á ya àgbàdo tó gbó dáadáa sọ́tọ̀ fún irúgbìn. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi kún un ni pé wọ́n á mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó ẹ̀yà kan, wọ́n á fi sí òdòdó ẹ̀yà kejì, wọ́n á gbin ohun tó bá so, wọ́n á sì máa ṣa èyí tó dára jù fún ọdún púpọ̀. Nítòsí wa níhìn-ín ni wọ́n ti ń ṣe é, ní IITA tó wà lọ́nà Mọ́níyà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ní 1971, ọmọ ilẹ̀ Kòríà kan, Sang Ki Hahn, dé ibẹ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́. Àrùn kan ń bá ẹ̀gẹ́ jà nígbà náà, tí ewé rẹ̀ á ká kò, tí á ní àbàwọ́n, tí iṣu rẹ̀ á sì kéré. Eṣinṣin funfun tíntìntín kan ló ń gbé e kiri, igi tó ti ní àrùn tí a bá tún gbìn náà sì ń tàn án. Hahn lo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fi ìbátan rẹ̀ tinú igbó gùn, nítorí pé ìbátan náà lè kojú àrùn. Ibẹ̀ ni ẹ̀yà TMS 30572 ti jáde. Àwọn ará Ìkirè fi í jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀.

Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè gbà wá. Ọdún 2011 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú wọn. Ẹ̀gẹ́ ni bàbá rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni ìyá rẹ̀. Kò sí jíìnì ẹranko kankan níbẹ̀. Ohun tó fún un ní àwọ̀ ni irú èyí tó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa, tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tó ń ṣe ojú àwọn ọmọdé lóore. Mo sọ èyí fún ọmọ náà, mo sì sọ ọ́ fún lèmọ́mù wa, òun náà sì ṣàlàyé fún ìjọ lẹ́yìn Jímọ̀. Àwọn oníbàárà kan padà. Àwọn kan kò padà títí di òní. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀kẹta ni haiburíìdì, tí a mọ̀ jù lára àgbàdo. Wọ́n á tọ́jú ìran àgbàdo méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wá fi wọ́n gun ara wọn. Àkọ́bí wọn a máa ta yọ. Ṣùgbọ́n tí o bá tún gbin èso rẹ̀, àwọn ọmọ kò ní jọra mọ́, ìkórè á sì dínkù. Ẹnikẹ́ni kò fi oògùn sí i. Jíìnì ló tún ara rẹ̀ pín. Níhìn-ín, ọjà ni ẹ̀ṣẹ̀ ti máa ń wọlé: kí èèyàn bu àgbàdo lásán sínú àpò, kí ó tà á ní haiburíìdì. Ẹ rántí pé Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá omi nínú rẹ̀, ó sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé oníjìbìtì kì í ṣe ara wa.

Ẹ̀kẹrin ni GMO fúnra rẹ̀. Èyí ni kí onímọ̀ mú jíìnì láti ara ẹ̀dá kan, kí ó fi sínú ẹ̀dá mìíràn tí òdòdó wọn kò lè gun ara wọn. Ó wà ní Nàìjíríà. Kòkòrò Maruca a máa jẹ òdòdó ẹ̀wà àti èèpo rẹ̀ lóko, àwọn àgbẹ̀ á sì máa fín oògùn léraléra. Àwọn onímọ̀ ní ilé-ìwádìí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, fi jíìnì bakitéríà inú ilẹ̀ kan sínú ẹ̀wà, kí kòkòrò náà lè kú tó bá jẹ ẹ́. Ní 2019 ni ìjọba fọwọ́ sí i, SAMPEA 20-T ni wọ́n pè é. Ẹ̀wà ni, kì í ṣe ẹ̀gẹ́. Inú ilẹ̀ ni jíìnì rẹ̀ ti wá, kì í ṣe lára ẹlẹ́dẹ̀. Kò sì dá kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà inú àpò dúró.

Ṣé kò wá sí ìbéèrè kankan lórí GMO mọ́? Ó wà. Àwọn kan ń tọ́ka sí Suuratun-Nisaa, ẹsẹ 119, lórí yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí hadiisi àwọn ará Mẹ̀dínà tí wọ́n ń fi òdòdó akọ dábínù sí ti abo, tí Ànábì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ló mọ ọ̀ràn ayé wọn jù. Ìpìlẹ̀ tí a kọ́ ni pé ẹ̀tọ́ ni ohun ayé títí ẹ̀rí yóò fi dé. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí o béèrè: Níbo ni jíìnì náà ti wá? Ṣé ó ń pa ènìyàn tàbí ilẹ̀ lára? Ṣé òótọ́ ni ẹni tó ń tà á ń sọ, àti pé ṣé àgbẹ̀ kò ní di ẹrú ẹni tó ni irúgbìn?

Tí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, o lè má jẹ ẹ́. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n Suuratun-Nahl, ẹsẹ 116, kọ̀ fún wa láti máa fi ahọ́n irọ́ pe èyí ní halaali, ìyẹn ní haraamu. Ẹni tó bá fi ẹnu lásán pe oúnjẹ ẹlòmíràn ní haraamu ti parọ́ mọ́ Ọlọ́hun, ó sì ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ kan.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣe àǹfààní, kí Ó bùkún oko àti ọjà wa, kí Ó sì ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín.