Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́: Bí Ọ̀nà Bá Ṣáájú Ètò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀nà lè fi ìlú ṣe, kò nílò láti rìn jìnnà. Kí ó wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, kí ó gba Ìtòìkín, kí ó sì sọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mo rin ọ̀nà náà láìpẹ́ yìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ó kan ẹni tí ó ní ilẹ̀, ó kan ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀, ó sì kan ẹni tí kò ní ju àwọ̀n àti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà Ìkòròdú a máa sọ pé Oko Odù ni orúkọ ìlú wọn, nítorí ẹ̀fọ́ odù tí ó pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí àwọn ará Rẹ́mọ wá tẹ̀ ẹ́ dó. Lónìí, bí ẹ bá dúró ní oríta ńlá ìlú náà ní àárọ̀ kùtùkùtù, ẹ kò ní rí ewé odù kan ṣoṣo. Èrò ni ẹ ó rí, àti bọ́ọ̀sì, àti ọlọ́kadà, gbogbo wọn ló kọjú sí Èkó. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwọn ènìyàn tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú ti lé ní 500,000. Ẹ̀yin náà ẹ wo iye ilé tí wọ́n ti kọ́ láti ìgbà náà.

Lórí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn yìí gan-an, ẹ̀rín pa mí, ó sì dùn mí. Ìkànìyàn 2006 kan náà sọ pé 9,113,605 ni àwọn ènìyàn Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ náà kò gbà, wọ́n ní nínú ìkà tiwọn ó lé ní mílíọ̀nù 17. Ìyá tí kò mọ iye ọmọ tí yóò jókòó ti oúnjẹ, báwo ni yóò ṣe mọ iye gàrí tí yóò fi tẹ ẹ̀bà? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn aṣètò ìlú wa rí.

Ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú ni ó ń sùn ní Ìkòròdú tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ojú ọ̀nà tí ó gba Májídùn lọ sí Máìlì 12 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Ní oṣù Kọkànlá 2015 ni wọ́n ṣí ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn bọ́ọ̀sì ńlá láti Máìlì 12 dé Ìkòròdú, ó sì mú ìrọ̀rùn wá. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀sà ń bẹ níbẹ̀ tí ó tẹ́ lọ salalu, èbúté Ìpàkòdó sì ń bẹ níbẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Èkó. Síbẹ̀, àwọn tí ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pọ̀ fíìfíì ju àwọn tí ń gba ojú omi lọ.

Omi kan náà tí a kò lò dáadáa a máa wá bá wa nílé. Ní àkókò òjò, bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, odò Ògùn ni yóò gbé e wá sí Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tí yóò sì wọ yàrá àwọn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní 2010, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sá kúrò nílé. Omi kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó kọ́lé sórí àbàtà ní Èkó àti ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ omi mú ní Ògùn, ọ̀rọ̀ wọn papọ̀.

Mo kúrò ní Ìkòròdú, mo gba apá Ìmọ́tà. Ní oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá kan níbẹ̀, èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ lórí 32 tọ́ọ̀nù ìrẹsì láàárín wákàtí kan. Ohun ìyìn ni. Ṣùgbọ́n láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú ìrẹsì tí a kò tíì bó wá fún un, nígbà tí ó jẹ́ pé lójú ọ̀nà níbẹ̀, òkúta sọ́féè ni mo ń rí nínú oko ẹ̀gẹ́. Ta ni yóò bọ́ ilé-iṣẹ́ náà bí gbogbo oko bá di ẹ̀sítéètì?

Lẹ́yìn Ìtòìkín, mo yà kúrò lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èjìnrìn létí ọ̀sà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ orúkọ yìí. Láyé àtijọ́, ọjà Èjìnrìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí ó tóbi jù ní gbogbo etí ọ̀sà. Àwọn Ìjẹ̀bú a ru epo àti oúnjẹ wá, àwọn ará Èkó a fi ọkọ̀ ojú omi kó ọjà òyìnbó wá pàdé wọn. Mo bá bàbá àgbàlagbà kan níwájú ilé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ilé o, bàbá.”

“Kú àbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ilẹ̀ ni o wá rà?”

“Rárá o, bàbá. Ọjà Èjìnrìn ni mo wá wò.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “O pẹ́ dé. Èyí tí bàbá mi ná kọ́ lo máa bá.”

“Kí ló gbé e lọ, bàbá?”

“Mọ́tò ni. Kò bá wa jagun, kò sì jó wa nílé. Ó kàn gba ibòmíràn lọ ni.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ gba Ìkòròdú kọjá láti Ṣágámù lọ sí Èkó, ẹrù kò ní ìdí láti wá omi Èjìnrìn mọ́. Ìlú kan wú, ìlú kejì rù. Kò sí ẹni tí ó jókòó rò ó tẹ́lẹ̀ pé, “Àwọn ará ibi tí ọ̀nà kò gbà, kí ni wọn yóò máa ṣe jẹ?”

Mo dé Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sán. Ìlú onítàn ni. Ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851, kí ó tó padà sílé ní 1862. Àwọn tí ó bá a padà ni ó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní Èkó. Nítorí náà, títí di òní, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ń bẹ, Èkó Ẹ̀pẹ́ náà sì ń bẹ. Ní ọjà Olúwo, mo rí ẹja oríṣiríṣi, tútù àti gbígbẹ. Mo bá ìyá kan tí ó ń yan ẹja sọ̀rọ̀.

“Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹja yìí mà wọ́n o.”

“Ọmọ mi, má bínú sí mi. Ibi tí ọkọ mi ń dẹ àwọ̀n sí, àwọn awayanrìn ti wà á jìn. Ẹja kì í jókòó síbi tí ẹ̀rọ ti ń han.”

Yanrìn yẹn ni wọ́n fi ń kọ́lé tí wọ́n sì fi ń dí àbàtà. Apá Lẹ́kkí tí ó ti Ẹ̀pẹ́ wá náà ti yí padà. Ní 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun tuntun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ọdún náà ni wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́. Afárá kẹrin sí Èkó, tí wọ́n ti ń sọ láti 2003, tí yóò gùn tó nǹkan bí kìlómítà 38, ni a fẹ́ fi so apá Àjáh pọ̀ mọ́ Ìkòròdú. Ní oṣù Kejìlá 2022 ni ìjọba kéde àwọn tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjá, orí ìwé ni afárá ṣì wà.

Èmi kò bá afárá jà o. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ètò ṣáájú rẹ̀. A ti ní ètò rí: èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá wa ṣe fún Èkó láti 1980 sí 2000 dára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jáde kúrò nínú ìwé. Kí a mọ ibi tí yóò jẹ́ oko, kí a fi òfin dáàbò bò ó. Kí a fi àbàtà sílẹ̀ fún omi. Kí a dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, kí gbogbo ènìyàn má baà máa dà sí Èkó láràárọ̀. Kí Èkó àti Ògùn sì jọ ṣe é, nítorí Ṣágámù ni Ìkòròdú bá pààlà, Ìjẹ̀bú Òde sì ni aládùúgbò Ẹ̀pẹ́. Gómìnà ìpínlẹ̀ méjèèjì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí irú iṣẹ́ àjọṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021. Ìwé dára, iṣẹ́ ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà yìí, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ìwé sọ́féè náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó wà fún un ní Aláùsá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ẹ lọ wò ó nígbà òjò, ẹ má lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, ẹ rántí pé owó ilẹ̀ a máa tán, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò tíì bí náà yóò bèèrè ibi tí yóò gbin ẹ̀fọ́ sí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa ra odù ní Oko Odù.