Òkè Ahoro Tó Ní Aṣòfin Méjì

Salisbury,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ayọ̀mídé, ọmọ àbúrò mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lákàtúnkà. O ní aṣòfin tó ń ṣojú yín sọ ẹkùn ìdìbò yín di oko bàbá rẹ̀, pé ìdí nìyí tí o kò fi ní dé ibi ìdìbò mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ìwà ẹni tó ń ṣojú yín, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò jìnnà sí ilé tí mò ń gbé yìí, tí ẹkùn ìdìbò ti jẹ́ oko bàbá ẹni ní ti gidi. Wọ́n ń tà á, wọ́n ń rà á, bàbá ń fi í sílẹ̀ lógún fún ọmọ. Ìtàn ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Old Sarum ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Òkè ni, ní àríwá ìlú Salisbury. Àwọn ará àtijọ́ ti gbẹ́ yàrà yí i ká kí wọ́n tó bí Jésù. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, wọ́n kọ́ ilé olódi sórí rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti bíṣọ́ọ̀bù sí tòsí rẹ̀. Ìlú gidi ni nígbà náà. Àmọ́ omi kò tó lókè, afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, àwọn àlùfáà àti àwọn ọmọ ogun inú ilé olódi kò sì gbọ́ra wọn yé. Ní 1220, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ́bàá odò, èyí tí ṣóńṣó orí rẹ̀ ga tó mítà 123 lónìí. Èèyàn tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà tẹ̀ lé èèyàn. Wọ́n tilẹ̀ tú òkúta ara ilé àtijọ́ lọ fi kọ́ ilé tuntun. Òkè bá di ahoro.

Tí o bá débẹ̀ báyìí, yàrà jíjìn tí koríko ti bò lo máa kọ́kọ́ rí. Àjákù ògiri ló kù, òkúta wẹ́wẹ́ líle ló yọ nínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti bó èyí tó dára lára rẹ̀ lọ. Ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ wà nílẹ̀, wọ́n sàmì sí i nínú koríko kí àlejò lè mọ ibi tí ó tẹ́ dé. Bí o bá dúró létí odi, wàá máa wo ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì tuntun nísàlẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, oyè Aláàfin bá a lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lọ jẹ ọba lórí ògiri wíwó. Ti Old Sarum kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pè é sí ilé aṣòfin ní 1295, láti bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì ti ń rán aṣòfin méjì lọ déédéé. Èèyàn ṣí kúrò, ẹ̀tọ́ náà kò ṣí. Salisbury nísàlẹ̀ ní aṣòfin méjì tirẹ̀, ahoro tó wà lókè náà ní méjì.

Báwo ni ahoro ṣe ń dìbò? Ara ilẹ̀ ni wọ́n so ìbò mọ́. Àwọn àwẹ́ ilẹ̀ kan wà tí òfin kà sí ilé àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé lórí wọn. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ onílẹ̀ ló ní ìbò, onílẹ̀ ló sì ń yan ẹni tó máa gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ni òkè ló ni aṣòfin méjèèjì. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n á pàgọ́ sínú oko lábẹ́ igi kan, nítorí pé kò sí òrùlé kankan tí wọn ì bá jókòó sí. Àwọn olùdìbò á wá láti ibòmíràn, wọ́n á dárúkọ ẹni tí olówó wọn fẹ́, wọ́n á sì pa dà sílé. Ní 1831, gbogbo olùdìbò Old Sarum jẹ́ 11, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ní 1691, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Thomas Pitt ra ibẹ̀ lọ́wọ́ Earl ti Salisbury. Òun ló wá di gómìnà Madras ní India, tó ra dáyámọ́ńdì ràbàtà kan níbẹ̀, tó sì tà á fún adelé ọba Faransé ní 1717. Dáyámọ́ńdì náà wà lára ohun ìṣúra Louvre ní Paris títí dòní. Òkè náà di ogún ilé Pitt. Ní 1735, ọmọ ọmọ rẹ̀, William Pitt, ẹni ọdún 26, ti Old Sarum wọ ilé aṣòfin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi àyè náà sílẹ̀ fún un, nítorí pé ó ti wọlé ní ibòmíràn. William yìí ló wá di olórí ìjọba. Àwọn kan máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ pé irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ dára, pé bí kò bá sí i, olóye ọ̀dọ́ kò ní rọ́nà wọlé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Olóye mélòó ló wà ní ìlú Manchester tí kò ní bàbá àgbà tó ní òkè? Pitt fúnra rẹ̀, ní 1766, pe irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ ní apá tó ti jẹrà nínú ètò ìjọba wọn. Ọmọ rẹ̀, tí òun náà di olórí ìjọba, dábàá ní 1785 pé kí ìjọba fi owó ra ẹkùn 36 lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, kí ó sì pín àyè wọn fún ibi tí èèyàn wà. Ìbò 248 sí 174 ni wọ́n fi dà á nù.

Ní 1801, Lord Camelford, tó jẹ́ ọmọ ilé Pitt kan náà, fi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Horne Tooke sí àyè Old Sarum. Tooke ti pẹ́ lẹ́nu ìjà fún àtúnṣe ìdìbò, wọ́n ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ rí pé ó dìtẹ̀ mọ́ ọba, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní àlùfáà ni, wọ́n sì ṣòfin kíákíá pé àlùfáà kò gbọdọ̀ jókòó nílé aṣòfin. Wọ́n ní Camelford halẹ̀ pé bí wọ́n bá lé Tooke, ìránṣẹ́ òun tó jẹ́ èèyàn dúdú lòun máa rán wá dípò rẹ̀. Kò ṣe é. Àmọ́ ó lè ṣe é, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìhàlẹ̀ náà sọ gbogbo ohun tó yẹ kí o mọ̀ nípa òkè yẹn: ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ìdìbò wà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Camelford tà á fún Earl ti Caledon ní 60,000 pọ́n-ùn. Ohun tí ilẹ̀ náà ń mú wọlé lọ́dún kò ju 700 pọ́n-ùn lọ. Ìwọ tó mọ ìṣirò, ṣé ilẹ̀ ló rà?

Ní gbogbo àkókò yẹn, Manchester tí èèyàn ibẹ̀ ti wá ju 100,000 lọ kò ní aṣòfin kankan tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1819, ọ̀kẹ́ àìmọye òṣìṣẹ́ pé jọ sí pápá kan níbẹ̀ láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn ọmọ ogun orí ẹṣin ya wọ àárín wọn pẹ̀lú idà. Ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú, obìnrin àti ọmọdé wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kò dákẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 1831, Lord John Russell gbé àbádòfin àtúnṣe wá, ó sì ní kí wọ́n ro bí yóò ṣe ya àlejò lẹ́nu tí wọ́n bá fi òkìtì koríko hàn án, tí wọ́n sọ fún un pé òkìtì náà ń rán aṣòfin méjì wá. Nígbà kíkà kejì, ìbò 302 sí 301 ló fi yè é. Nígbà tí wọ́n tún gbé e wá, ilé àwọn ìjòyè dà á nù, ìjà bẹ́ sílẹ̀, iná sì jó ní Bristol. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹfà 1832, àbádòfin náà di òfin. Ẹkùn 56 pàdánù aṣòfin méjèèjì wọn, Old Sarum wà lára wọn. Manchester, Birmingham àti Leeds gba méjì méjì.

Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún Caledon nítorí àyè tó pàdánù. Èyí ni mo fẹ́ kí o mú dání, nítorí ó kàn wá. Ọ̀pọ̀ àwọn olóko ìrèké West Indies ló ń fi owó ra àyè nílé aṣòfin láti irú ẹkùn bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbèjà oko ẹrú. Nígbà tí àwọn ẹkùn náà tán, agbára wọn dín kù, ilé aṣòfin tuntun sì ṣòfin ní 1833 láti fòpin sí oko ẹrú. Àwọn èèyàn wa kan wà lẹ́rú ní Trinidad, ní West Indies, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà tó sọ pé ìbò kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni san 20,000,000 pọ́n-ùn fún àwọn olówó ẹrú, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ohun ìní ni èèyàn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò gba nǹkan kan. Inú ń bí mi sí i títí dòní.

Òfin 1832 kò tó. Kò fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbò, ó sì kọ ọ́ pàtó pé ọkùnrin nìkan ló lè dìbò. Ó di 1918 kí obìnrin kankan tó lè dìbò yan aṣòfin níbí.

Ní tiwa, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fún àjọ elétò ìdìbò, INEC, ní iṣẹ́ àtiyẹ ààlà ẹkùn ìdìbò wò, kí àyẹ̀wò kan sí òmíràn má dín ní ọdún mẹ́wàá. 1996 ni wọ́n tún un pín kẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti dàgbà di òbí. Ní 2021, wọ́n fi kún ibùdó ìdìbò láti 119,974 sí 176,846, ṣùgbọ́n ààlà ẹkùn wà bó ṣe wà. Èèyàn ti ṣí kúrò ní abúlé kan, òmíràn ti di ìlú.

Ayọ̀mídé, kì í ṣe àwọn tó jókòó sílé ló pa ẹkùn Old Sarum rẹ́. Àwọn tí kò ní ìbò rárá ló jà títí ó fi tán. Ìwọ ní tìrẹ. Lọ gba káàdì ìdìbò rẹ, kí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín, kí ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tún ààlà yìí pín. Fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ, Fúnmiláyọ̀.