Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ àti Àwọn Tí Ó Ń Fi Í Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe àjèjì létí ọmọ Yorùbá. Láti oṣù Kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni a ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Èyí tí ó jìnnà sí wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín, nítorí pé ó kan ẹbí mi, ó sì jọ ohun tí ojú àwa olùkọ́ ń rí.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì wà tí a lè pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Ní ọdún 2014, ìpínlẹ̀ Tennessee ṣe òfin ètò kan tí wọ́n pè ní Tennessee Promise, pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kò ní san owó ilé-ìwé níbẹ̀. Owó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọdún 2015 ni àwọn àkọ́kọ́ wọlé.

Ọmọ àbúrò mi kan, tí ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà lára àwọn tí ó wọlé ní ọdún 2022. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi yan ibẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ọ̀fẹ́ ni, kò sì jìnnà sílé." Kò dárúkọ iṣẹ́ kankan tí ó fẹ́ kọ́. N kò dá a lẹ́bi. Ọmọ tí ó ń bẹ̀rù gbèsè yóò kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà tí a ṣí sílẹ̀, kí ó tó wo inú ilé.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà náà ní òfin tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣe yúnìtì 12 ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wákàtí 8 sin ìlú, kí ó sì máa kọ fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó lọ́dọọdún. Ìwé kíkà, epo ọkọ̀ àti oúnjẹ kò sí nínú ọ̀fẹ́ náà. Ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ̀bùn owó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pell bá ti wọlé ni ètò yìí ń dí àlàfo tí ó kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni Pell sábà máa ń tó owó ilé-ìwé ọmọ tálákà pátápátá. Ẹni tí ó ṣe aláìní jù lọ lè máà rí kọ́bọ̀ gbà láti inú ìlérí yìí.

Ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní sáà kẹta; bọ́ọ̀sì kò sì dé àdúgbò wọn. Ó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú èyí tí ó ń kọ́, yúnìtì rẹ̀ wálẹ̀ sí 9, ìrànlọ́wọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò sí ẹni tí ó lé mi, Àǹtí. Ọkọ̀ mi ni ó bàjẹ́."

Àwọn kan yóò ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Owó ilé-ìwé ni gbogbo wa ń wò. Wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó sí kíláàsì, tí kò fi wá oúnjẹ, ta ni ń san án?

Lọ́dọ̀ tiwa náà, ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó oríṣiríṣi mìíràn wà. Ọ̀pọ̀ ni ó wá nítorí pé máàkì JAMB wọn kò tó ti yunifásítì. Bí yunifásítì bá pè wọ́n, wọ́n á lọ, n kò sì ka ìyẹn sí òfò. Ní Amẹ́ríkà náà, irú wọn pọ̀. Èyí tí ó ń dùn mí ni ti ọmọ tí ó mọ ìwé, tí a wá gbọ́ pé ó ń gun ọ̀kadà.

Láti ọdún 2018, Tennessee ní ètò mìíràn, Tennessee Reconnect, fún àwọn àgbà. Yúnìtì 6 péré ni ó ń béèrè. Ọjọ́ orí ọmọ wa kò tí ì tó. Ó ní òun ti ra ọkọ̀ mìíràn, òun sì ń ka ọjọ́.