Edinburgh, Ìlú Tó Wà Lábẹ́ Ìlú



Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ara mi ní Yorùbá, mo ṣọkàn akin lọ́jọ́ kan, mo sọ fún Màmá mi pé mo fẹ́ ní ọkọ. Ṣùgbọ́n ohùn mi já wálẹ̀ níparí, "ọkọ̀" ló jáde. Màmá ní, "Ó dáa o. Toyota ni kó o rà." Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ọdún méjìlá ti kọjá. Mo ti ní ọkọ. Nígbà ìsinmi ilé-ìwé tó kọjá, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún méje, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Edinburgh.

Orí àpáta ni ilé olódi wọn wà. Lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n máa ń yin ìbọn ńlá níbẹ̀ ní aago kan ọ̀sán. Láti ọdún 1861 ni wọ́n ti ń ṣe é, kí àwọn atukọ̀ lójú omi lè mọ aago. Ọkọ mi, tó ní òun ò bẹ̀rù nǹkan kan, fò sókè, ó da kọfí sí bàtà mi.

A jẹ haggis. Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ni, pẹ̀lú oats àti àlùbọ́sà. Ọkọ mi tó jẹ́ òyìnbó fajú ro. Ní tèmi, ata ló kù sí i. Àwọn ọkùnrin ró kilt, ìdílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀. Ọmọ wa ní, "Bàbá, aṣọ ẹbí ni!" Ó tọ̀nà.

Abẹ́ òpópónà Royal Mile ni ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù wà. Mary King's Close ni wọ́n ń pè é, àdúgbò tóóró tí àwọn èèyàn gbé rí. Ní ọdún 1753, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ńlá lé e lórí: wọ́n gé òkè àwọn ilé náà kúrò, wọ́n fi ìsàlẹ̀ wọn ṣe ìpìlẹ̀. Àwọn yàrá náà ṣì wà níbẹ̀.

Mo dúró nínú òkùnkùn yẹn, mo rántí "ó". Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Toyota, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún Màmá pé "ó ti se oúnjẹ", "ó ní kí n kí yín". Yorùbá ò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mo fi bo ọkọ mi mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ òótọ́, Màmá ò pè mí fún oṣù kan. Láti ìgbà náà, "ọ̀rẹ́ ẹ" ló ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì, a rìn dé Broughton Street, níbi tí àwọn bíi tiwa ti ń pàdé ọjọ́ ti pẹ́. Ọmọ wa béèrè ìdí tí wọ́n fi ní àdúgbò tiwọn. Mo ní títí di ọdún 1980, òfin Scotland ka ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin sí ọ̀ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dẹ òfin tiwọn ní 1967. Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbà kí irú wa ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀. Ó ní, "Kí ni wọ́n ṣe?" Mi ò ní èsì ní Yorùbá, mi ò ní ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo bá sọ ìtàn mìíràn fún un. Wọ́n bí Agnes Yéwándé Savage ní ìlú yìí ní 1906. Dókítà ará Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ará Scotland ni ìyá rẹ̀. Ní 1929, ó gboyè ní yunifásítì ibẹ̀, òun sì ni obìnrin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di dókítà ìṣègùn òyìnbó. Ọmọ wa ní, "Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan òyìnbó. Bíi tèmi!"

Nírọ̀lẹ́, a gun Calton Hill, a pe Màmá lórí WhatsApp. Afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa lọ. Màmá wo ojú fóònù títí, ó ní, "Kí ló dé tí ọkọ ẹ ò dé fìlà nínú òtútù yìí?"

Ọkọ. Kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ohùn náà pé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn kọ́ àwọn ọmọ yín. Mo ti ra fìlà náà.