Kàlẹ́ńdà Ọdún 1985

Bàbá mi kì í sọ kàlẹ́ńdà nù. Nígbà tí ọdún 1991 wọlé, ó fa ti 1985 yọ lábẹ́ ibùsùn nílé wa ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó sì fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ká ka ọjọ́ wò. Òótọ́ ni: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọdún méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì yẹ̀ síra wọn lọ́jọ́ kan títí dé ìparí.

Ó di 27 oṣù kẹjọ, rédíò kéde pé Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ti dá ìpínlẹ̀ tuntun 9 sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ di 30. Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́. Ará Ìlá tó bá ní ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, Òṣogbo ni yóò máa lọ, kì í ṣe Ìbàdàn mọ́. Bàbá mú báírò, ó fẹ́ kọ ọ́ sójú ọjọ́ náà, ló bá bá ọwọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ láti 1985: "Ṣọ́jà tún gbàjọba." Ọjọ́ yẹn, Ìṣẹ́gun kan náà, ni Babangida lé Muhammadu Buhari kúrò lórí àléfà. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "A gba Ọ̀ṣun."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Moldova kéde òmìnira kúrò lábẹ́ Soviet Union. Ìyẹn ṣe kòńgẹ́ lásán ni. Lójú tèmi, tiwa kò ṣèèṣì: ẹni tó wà lórí oyè ló ń dá ọjọ́ ọdún, ayọ̀ wa ni ọ̀gá ológun náà sì fi ṣe ọdún kẹfà tirẹ̀ lórí àléfà.

Ó tún dá ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní 27 oṣù kẹjọ 1993 lòun yóò gbé ìjọba fún alágbádá. Ṣùgbọ́n ó ti fagi lé ìbò June 12 tí M.K.O. Abíọ́lá ti mókè. Nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó kúrò ní Ọjọ́bọ̀, ó fi Ernest Ṣónẹ́kàn, tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún, sípò. Ilẹ̀ mọ́, 27 bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Àwọn àgbà tó sọ ọjọ́ náà lórúkọ kò purọ́.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, mo sì máa ń bá wọn yọ̀ ní gbogbo 27 oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ìlà méjèèjì ni mo máa ń kà fún àwọn ọmọ mi, tòkè kó tó kan tìsàlẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ tó gbàjọba náà ló fún wa ní ìpínlẹ̀.

Ní 2030, ọjọ́ yóò tún bá ara wọn mu. Màá gbé kàlẹ́ńdà Bàbá kọ́.