Bí Mo Ṣe Kọ́ Yíya Máàpù Oríkèé

Iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ ní Stockholm ni mímọ jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹran ara, àti ibi gan-an tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìlú náà ni wọ́n ti gbé ọgbọ́n tí mo kọ́ jáde: ikọ̀ Joakim Lundeberg àti ti Jonas Frisén ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2016. Tẹ́lẹ̀, wọ́n sábà máa ń lọ ẹran náà kí wọ́n tó wọn RNA rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà tí jíìnì máa ń ṣe bó bá ń ṣiṣẹ́. Ata àti àlùbọ́sà tó ti gba inú ẹ̀rọ kọjá, ta ló tún lè yà wọ́n sọ́tọ̀?

Awọ fẹ́lẹ́ inú oríkèé ni tiwa, ti àwọn tó ní irú làkúrègbé tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbèjà ara fi ń kọlu ara. Inú ẹ̀rọ tó tutù tó -20°C la ti ń gé e, kó nípọn ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Èémí lásán lè gbé e lọ. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré la fi ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó wá fi ìka mú ẹ̀yìn gíláàsì gbóná díẹ̀ kó lè lẹ̀. Ọ̀gá mi kì í gbà kó ṣẹ́ po, nítorí ìlọ́po méjì ni máàpù máa kà níbẹ̀.

Apá kọ̀ọ̀kan gíláàsì náà ní àmì róbótó 4,992. Fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máíkírómítà 55, ó sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀. RNA tó bá jáde látinú ẹran á so mọ́ àmì abẹ́ rẹ̀, á sì gba àdírẹ́sì ibẹ̀.

Mímú kó jáde ló le jù. Ẹ́ńsáìmù la ń dà sí i. Bí àkókò bá kéré, RNA á há sínú ẹran. Bó bá pọ̀ jù, á ṣàn lọ sí àdírẹ́sì ẹlòmíì, máàpù á sì parọ́. Nítorí náà la ṣe ń kọ́kọ́ dán an wò láti ìṣẹ́jú 3 títí dé 30, pẹ̀lú àwọ̀ tó ń tàn. Èyí tó bá tàn dáadáa tí etí rẹ̀ ò ṣe bàìbàì la ń mú. Oríkèé kì í ṣe ọpọlọ, ìfun kì í ṣe awọ: ẹran kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣẹ́jú tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka RNA àti àdírẹ́sì wọn tán, tí máàpù sì dé, jíìnì CXCL13 tàn níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbèjà-ara kó jọ sí. Jíìnì PRG4 tò lọ sí etí awọ fẹ́lẹ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ sẹ́ẹ̀lì tó ń lo jíìnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi dá mi dúró: àmì kan lè gba sẹ́ẹ̀lì mélòó kan pọ̀. "Àdúgbò ni o rí," ló wí, "má tíì dárúkọ onílé." Ká tó lè dárúkọ rẹ̀, àfi ká fi máàpù wé àkọsílẹ̀ jíìnì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan láti irú ẹran kan náà. Ìyẹn ni mo ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí.