Ta Ni Wọ́n Fẹ́ Lé Kúrò ní Johannesburg?

Kí ẹranko burúkú inú fíìmù Alien tó yọjú rárá, owó ni àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú kan ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ridley Scott ló ṣe fíìmù náà ní 1979. Ènìyàn méje ló wà nínú ọkọ̀ náà, Nostromo, wọ́n ń kó òkúta àlùmọ́ọ́nì bọ̀ wá sí ayé fún ilé-iṣẹ́ kan. Kò pẹ́ tí wọ́n jí lójú oorun tí Parker àti Brett, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ìpín tiwọn fi kéré sí ti àwọn yòókù. Nígbà tí wọn kò fẹ́ lọ wo ibi tí ìró àjèjì kan ti ń wá, wọ́n rán wọn létí ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn: ẹni tó bá kọ̀, owó rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ̀yìn èyí la wá mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ti pàṣẹ ní bòókẹ́lẹ́ pé ẹranko náà ni kí wọ́n gbé wálé, ohun yòówù kó ṣe àwọn òṣìṣẹ́. Ní tèmi, àṣẹ yẹn bani lẹ́rù ju eyín ẹranko náà lọ.

Ohun tí mo máa ń wá nínú irú fíìmù báyìí nìyẹn: ta ló ń jèrè? John Carpenter kò fi bò nínú They Live ní 1988, nígbà tí ìjọba Ronald Reagan ń lọ sópin ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ ìkọ́lé kan tí kò rílé gbé wọ awò ojú dúdú, ó sì rí i pé ẹ̀dá òfurufú ni púpọ̀ nínú àwọn olówó ìlú, àti pé àṣẹ ló wà lábẹ́ gbogbo pátákó ìpolówó: máa gbọ́ràn, máa rajà. Fíìmù tó dára ni. Ṣùgbọ́n èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi ni District 9, tí Neill Blomkamp, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé jáde ní 2009.

Nínú ìtàn náà, ọkọ̀ ràgàjì kan dúró sójú òfurufú Johannesburg ní 1982. Ẹ̀dá tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán ló kún inú rẹ̀. Wọ́n kó wọn sí àgọ́, àgọ́ di District 9, àdúgbò ahéré páànù tí wọ́n fi wáyà yí ká, àwọn ará ìlú sì ń pè wọ́n ní edé. Nígbà tí ìlú ní àwọn kò fẹ́ wọn mọ́, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń ṣe ohun ìjà, MNU, ló gba iṣẹ́ kíkó wọn kúrò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn sójà tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n ìwé ló ṣáájú. Wikus van de Merwe, akọ̀wé tí inú rẹ̀ ń dùn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ga, ń kanlẹ̀kùn láti ahéré dé ahéré, ó ń ní kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé wọ́n ti fún àwọn ní ìkìlọ̀ láti kó jáde. Ọ̀kan fìbínú gbá ìwé náà. Wikus ní ọwọ́ rẹ̀ ti kàn án, ó ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ nìyẹn. Ó halẹ̀ mọ́ baba kan pé ìjọba lè gba ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn orílẹ̀-èdè náà mọ ibi tí èyí ti wá. Òfin tó pín àdúgbò fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jáde ní 1950. Ní 1955, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Sophiatown, ní Johannesburg gan-an, lọ sí Meadowlands; àdúgbò aláwọ̀ funfun tí wọ́n kọ́ sí Sophiatown, wọ́n sọ ọ́ ní Triomf, ìyẹn ìṣẹ́gun. Ní 1966, ìjọba kéde pé aláwọ̀ funfun nìkan ló ni District Six ní Cape Town, wọ́n sì lé àwọn ènìyàn tó ju 60,000 kúrò níbẹ̀. Kódà, Chiawelo ní Soweto ni Blomkamp ti ya fíìmù rẹ̀, láàárín ahéré àwọn ènìyàn tí wọ́n ń kó lọ sí ibòmíràn lákòókò náà.

Blomkamp mọ ilé-iṣẹ́ bíi MNU dénú pẹ̀lú. Ìbọn àwọn ẹ̀dá yìí kì í dún lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí náà nígbà tí oje dúdú kan ta sí Wikus lára tí ọwọ́ rẹ̀ sì di ọwọ́ edé, ó kúrò ní òṣìṣẹ́, ó di ọjà. Bàbá ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá nínú ilé-iṣẹ́ náà, ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́.

Gbogbo òye yìí pòórá nígbà tí fíìmù náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Jàǹdùkú ni wọ́n, wọ́n ń fi oúnjẹ ológbò inú agolo gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá náà, wọ́n ń ṣòwò aṣẹ́wó, olórí wọn sì ń jẹ ẹran ara edé kó lè ní agbára. Obesandjo ni wọ́n pè é, orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ààrẹ wa kan tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, Dora Akunyili, mínísítà ètò ìròyìn Nàìjíríà, ní kí àwọn ilé sinimá má ṣe fi í hàn mọ́, kí Sony, ilé-iṣẹ́ tó pín fíìmù náà, sì tọrọ àforíjì. Mo bá a bínú, n kò bá a fòfin dè é, nítorí ohun tí a kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn wò, a kò lè bá wọn jiyàn lé e lórí.

Ẹ̀sùn tó yẹ kí a fi kan fíìmù náà le ju ọ̀rọ̀ orúkọ lọ. Kí Blomkamp tó ṣe District 9, ó ti ṣe fíìmù kékeré kan, Alive in Joburg. Ó bi àwọn ará Johannesburg ní ohun tí wọ́n rò nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Zimbabwe tó wà láàárín wọn, ó sì lo ìdáhùn wọn bí ẹni pé ẹ̀dá òfurufú ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ tó mú wa káàánú edé, àwa ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ìkọlù sí àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra, ní Johannesburg, ó sì tàn ká; ó lé ní 60 ènìyàn tó kú. Ọdún kejì rẹ̀ ni District 9 dé.

Ibi tí wọn kò bá ti gba ẹnì kan láyè láti ṣiṣẹ́ tó lórúkọ, tí wọ́n sì há àwọn oníbàárà mọ́ inú wáyà, kí ni ọjà ibẹ̀ yóò jẹ́ bí kò ṣe fàyàwọ́? Blomkamp mọ ìdí tí Wikus fi ń ṣìkà: ìgbéga, owó oṣù, ojú bàbá ìyàwó. Kò wá ìdí kankan fún Obesandjo, kò sì jẹ́ kí a mọ ohun tó gbé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà náà dé Johannesburg.

Ní ìparí ìtàn náà, wọ́n wó District 9, wọ́n kó àwọn ẹ̀dá náà lọ sí District 10. Ahéré àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ohun tí wọ́n wó. Fíìmù náà kò sọ ibi tí wọ́n gbà lọ.